Níbo Ni Ọmọ Wa Yóò Máa Sùn?

Nígbà tí ìwé ìgbàwọlé yunifásítì bá ń jáde, ayọ̀ a gba inú ilé púpọ̀. Ìyá a jó, bàbá a dúpẹ́, wọn a ra àpótí, wọn a san owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í béèrè títí ọmọ yóò fi gbé ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò: níbo ni ọmọ yìí yóò máa sùn? Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí.

Ibi tí ìlú wa wà ló mú kí ọ̀rọ̀ náà kàn wá gidigidi. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ ni Ìkirè wà, Apòmù kò sì jìnnà sí i. Bí a bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, Yunifásítì Ìbàdàn ń bẹ níwájú wa. Bí a bá kọjú sí ìlà-oòrùn, tí a kọjá Gbọ̀ngán, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni a óò bá. Nínú Ìkirè fúnra rẹ̀, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ní ọgbà kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè, ìtàn àti àṣà. Nítorí pé gbogbo rẹ̀ dà bí ẹni pé ó súnmọ́ wa, àwọn òbí kan a máa sọ pé, "Kí ni ti họ́ọ̀lù? Kí ọmọ máa ti ilé lọ, kó máa bọ̀."

A mọ ohun tó ń fa ọ̀rọ̀ náà. Èkínní ni owó. Ìyá tó ń ta dòdò Ìkirè fún àwọn arìnrìn-àjò lẹ́bàá ọ̀nà mọ iye ọjọ́ tí òun fi dúró nínú oòrùn kí owó ilé-ìwé tó pé. Èkejì ni ìbẹ̀rù, pàápàá lórí ọmọbìnrin. Àwọn òbí rò pé ọmọ tó bá ń sùn sílé lójoojúmọ́ kò lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Ọmọ tó ní iṣẹ́ ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ní Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lójú títì kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí mọ́tò bá bàjẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bọ́ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wọ ilé-ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi lọ láti kàwé, òun yóò máa dúró de mọ́tò, yóò sì máa rìn lójú ọ̀nà márosẹ̀ lálẹ́. Owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ kì í sì í ṣe kékeré bí a bá ṣírò rẹ̀ títí sáà ẹ̀kọ́ fi parí. Owó tí a rò pé a fi pamọ́, ojú ọ̀nà ló jẹ ẹ́.

Àwọn bàbá kan wà tí wọ́n lọ sí yunifásítì láyé àtijọ́, tí wọ́n sì ń sọ pé ibùsùn kò lè ṣòro. Ìgbà tiwọn yàtọ̀. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ 244 péré ni wọ́n sì ní, kí wọ́n tó kó lọ sí Ifẹ̀ ní 1967. Nígbà náà ibùsùn wà, oúnjẹ sì ń bẹ nínú họ́ọ̀lù. Ní 1978, nígbà tí ìjọba fẹ́ gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ láti náírà kan àtààbọ̀ sí náírà méjì lóòjọ́, gbogbo ilé-ìwé gíga ló dàrú. Ta ló tún ń gbọ́ irú iye bẹ́ẹ̀ lónìí? Akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju ibùsùn lọ níbi gbogbo. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún ààyè, ẹni tó bá sùn lọ yóò jí bá ilẹ̀ lásán.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kìn-ín-ní nìyí: bí ọmọ yín bá rí ààyè nínú họ́ọ̀lù ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, àwọn ọmọ tuntun àti àwọn tó fẹ́ jáde ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò mọ́ ọn. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọdún kìn-ín-ní kọjá lè má rí i gbà mọ́ ní ọdún kejì. Ọdún àkọ́kọ́ yìí gan-an sì ni ọmọ kò mọ ọ̀nà, kò mọ ibi tí wọ́n ń lẹ ìwé ìkéde mọ́, kò mọ ẹni tó yẹ kó sá fún. Nínú họ́ọ̀lù, pọ́tà wà lẹ́nu ọ̀nà, alábòójútó wà, ọkùnrin wà lọ́tọ̀, obìnrin wà lọ́tọ̀. Bí àìsàn bá dé lóru, ẹnìkan yóò gbọ́.

Èkejì, ẹ mọ irú họ́ọ̀lù tí ó jẹ́. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ yàn, ṣùgbọ́n níbi tí yíyàn bá wà, kó má ṣe fi orúkọ yàn. Ní Ifẹ̀, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi àwọn ọkùnrin tuntun sí Họ́ọ̀lù Angola, tí wọ́n sì ń fi àwọn obìnrin tuntun sí Mozambique, orúkọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà méjì tí wọ́n gba òmìnira ní 1975. Mọ́remí jẹ́ ti obìnrin. Fájuyì àti Awólọ́wọ̀ jẹ́ ti ọkùnrin, Awólọ́wọ̀ sì ti lórúkọ láti ọjọ́ pípẹ́ fún ariwo àti òṣèlú akẹ́kọ̀ọ́. Ní Ìbàdàn, Mellanby, tí a fi orúkọ ọ̀gá àkọ́kọ́ ilé-ìwé náà sọ, wà fún ọkùnrin, Queen Idia sì wà fún obìnrin. Gbogbo họ́ọ̀lù yìí ló ti mú ènìyàn pàtàkì jáde, kò sì sí èyí tí ọmọ kò lè ti bàjẹ́. Ẹ béèrè ohun tó ṣe pàtàkì: Ṣé omi ń yọ? Ènìyàn mélòó ló wà nínú yàrá kan? Ṣé ilẹ̀kùn àti fèrèsé ṣeé tì? Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́? Ẹ rántí Lọ́ọ̀tì. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ilẹ̀ náà ní omi dáadáa, ó sì yàn án. Kò béèrè irú ẹni tí àwọn aládùúgbò jẹ́.

Èyí ló mú wa dé ìmọ̀ràn kẹta, òun ló sì wúwo jù: ẹni tí ọmọ ń bá gbé ju yàrá tó ń gbé lọ. Dáníẹ́lì kò dá wà ní Bábílónì, ẹlẹgbẹ́ mẹ́ta ló ní. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí òbí mọ orúkọ àwọn tí ọmọ rẹ̀ jọ wà nínú yàrá, kí ọmọ náà sì wá ẹgbẹ́ àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn tó ń kàwé. Ní òru ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ Họ́ọ̀lù Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, tí akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Wọ́n jẹ́ ọmọ ènìyàn bí tiwa. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ohun tí a ń sọ ni pé ògiri nìkan kì í ṣọ́ ọmọ. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn fún un kó tó kúrò nílé, ẹ má dúró dìgbà tí ẹlòmíràn yóò fi oúnjẹ ọ̀fẹ́ àti ọ̀rọ̀ dídùn sọ ọ́ fún un.

Ìkẹrin, ẹ má ṣe ra ibùsùn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan a gba ààyè ní iye tí ilé-ìwé dá, wọn a sì tà á ní ìlọ́po. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà nínú ìwé. Ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ bá wá yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ yín ni yóò gbé ẹrù rẹ̀ jáde, kò sì ní rí ẹni tí yóò fẹjọ́ sùn. Bákan náà ni ti ọmọ tó ń fara pamọ́ sùn lórí ibùsùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ibi tí yóò sùn lójoojúmọ́ kò lè sọ pé rárá fún ẹni tó gbà á sílé. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ rere gbà bọ́ sọ́wọ́ ẹni búburú.

Bí họ́ọ̀lù kò bá sí rárá ńkọ́? Kí òbí fúnra rẹ̀ lọ wo ilé tí ọmọ fẹ́ gbà níta. Kó rí onílé lójú, kó gba ìwé owó, kó wo kànga àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó sì bá àwọn tó wà nínú ilé sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó kò gbọdọ̀ jọ gba yàrá kan nítorí àtidín owó kù. Gbèsè irú ìyẹn kì í tán bọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwọn tí ọmọ wọn ń kàwé níbí ní Ìkirè. Bí ilé yín bá wà ní Ìkirè tàbí Apòmù, kò sí ìtìjú nínú kí ọmọ máa gbé nílé. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní àyè àti àkókò láti kàwé. Ẹ má sọ ọ́ di ẹni tí yóò máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù títí di alẹ́, kí ẹ wá máa bínú pé kò ṣe dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà ńkọ́? Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n, láti Ẹdẹ, láti Ẹ̀jìgbò, láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí a bá fi ọmọ tiwa sí Ifẹ̀, a máa ń gbàdúrà kó bá onílé tó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run pàdé. Ìyá ọmọ tó gba yàrá lọ́wọ́ yín ń gba àdúrà kan náà. Ẹ má gbowó lé wọn lórí láìnídìí. Ẹ tún òrùlé tó ń jò ṣe. Bí ọmọ náà kò bá jáde sí ìta láti àárọ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kí Olúwa ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní ìjókòó àti ní ìdìde wọn, kó sì jẹ́ kí a rí èrè iṣẹ́ wa lórí wọn. Àmín.