Jẹ̀díjẹ̀dí Kọ́ Ló Ń Dá Ìbàdí Ahunẹní

Orí ẹní tó ń hun lọ́wọ́ ni ahunẹní ń jókòó sí. Yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, yóò tẹ̀ ba, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa gbé fọ́nrán kan lé èkejì. Bí ẹní ṣe ń gùn sí i ni òun náà ń fi ìdí wọ́. Kò sí àga, kò sí tábìlì, kò sí ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Bó bá dọ̀sán tó fẹ́ dìde, yóò kọ́kọ́ fọwọ́ tilẹ̀, yóò gbé orúnkún kan, yóò dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀yìn yóò fi gbà kó nà. Ẹni tó bá wà nítòsí yóò ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Jẹ̀dí ni. Ẹ dín nǹkan dídùn kù.”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní Efire àti àwọn abúlé etí omi mìíràn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹní híhun kì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀ fún ẹni tó fi ń jẹun. Bí ìbàdí bá sì ń ro obìnrin tó ń ṣe é, orúkọ mẹ́ta ló sábà máa ń gbọ́: jẹ̀díjẹ̀dí, làkúrègbé, ọjọ́ orí. Bó bá jẹ́ jẹ̀dí, ẹnu rẹ̀ ló jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ làkúrègbé, eegun rẹ̀ ló jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó nàka sí ilẹ̀ tó jókòó sí. Yóò mu àgbo, yóò fi róòbù para, yóò lo oògùn ara ríro, ojúmọ́ yóò mọ́, yóò sì padà sórí ilẹ̀ kan náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yìn yẹn kò ṣòro láti yéni. Bí ènìyàn bá jókòó sílẹ̀ tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, iṣan ẹ̀yìn itan á le, á sì fa egungun ìbàdí sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tó yẹ kó wọnú díẹ̀ á wá yọ gọngọ síta bí ẹ̀yìn ìjàpá. Àwọn ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, tó ń gba ìwúwo ara, á fún pọ̀ lápá kan. Orí àti apá tó tẹ̀ síwájú ní ìwúwo tiwọn pẹ̀lú, iṣan ẹ̀yìn ló sì ń dì wọ́n mú kí wọ́n má baà ṣubú. Iṣan tó bá wà ní fífà láti àárọ̀ dọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ kì í rìn geere nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ogún ọdún ni ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò fi ṣúgà kan ẹnu rí, bó bá jókòó báyìí fún ogún ọdún, ìbàdí lè máa ro ó.

Ká má tíì sọ ti irà tí wọ́n ti ń gé ohun tí wọ́n ń hun, níbi tí ènìyàn ti ń dúró nínú omi, tí eṣúṣú ń lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, tí yóò sì fi orí ru ẹrù tútù wálé. Tàbí ti ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń là á sí wẹ́wẹ́, tó ń ya ìka.

Ní ọdún 1700, dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn àìsàn tí iṣẹ́ ń fà. Ó gba àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì tó bá béèrè ìbéèrè kan yìí lọ́wọ́ obìnrin tó ń di ìbàdí mú wọlé ti rí ìdajì ìwòsàn.

Ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́nà tó so èso jù lọ kì í ṣe dókítà rárá. Chintakindi Mallesham ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ahunṣọ ni ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ní àgbègbè Pochampally tí wọ́n mọ̀ mọ́ sárì sílíìkì. Kí wọ́n tó hun sárì náà, ẹnì kan ní láti máa fi ọwọ́ gbé òwú lọ gbé e bọ̀ láàárín èèkàn tó fi bíi mítà kan jìnnà síra, ìgbà 9,000 fún sárì kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀, Lakshmi, ló ń ṣe é nílé wọn. Èjìká àti ìgúnpá ìyá náà wá dà bí ohun tí wọ́n fi igi lù. Mallesham kò kàwé jìnnà, kò sì kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ nílé-ìwé kankan. Ọdún bíi méje ló fi ń kan igi mọ́ igi, tí owó ń tán, kí ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ apá yẹn tó jáde lọ́dún 1999. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló fi sọ ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ tó ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà wá di ti wákàtí kan àbọ̀. Lọ́dún 2017, ìjọba Íńdíà fún un ní oyè Padma Shri. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀rọ náà kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ahunṣọ. Ìrora ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ló ṣì ń hun aṣọ náà.

Ní ìlú Shiraz ní Ìráànì, àwọn olùwádìí wo àwọn tó ń hun kápẹ́ẹ̀tì ní ìdí òfì olóòró, ọ̀nà tó jọ ti àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń hun aṣọ. Ohun tí wọ́n dámọ̀ràn kò ju ìjókòó tó ga, tó sì dà síwájú díẹ̀ lọ, àti kí ojú iṣẹ́ wà lókè ìgúnpá. Ìwé tí àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ILO, tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 2010 kó àbá 132 jọ lórí bí iṣẹ́ ṣe lè bá ara mu. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ohun tí káfíńtà abúlé lè ṣe.

Àwọn kan yóò ní báyìí ni àwọn ìyá ńlá ṣe ń ṣe é, pé ẹni tó bá gbé ẹní kúrò nílẹ̀ ti ba àṣà jẹ́. Àwọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn mọ ohun tí wọ́n lè fi dáhùn. Òwú sányán tí wọ́n ń fà lára kòkòrò inú igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí òfì, òwú olówó pọ́ọ́kú tó ń dán, tó ti òkè òkun wá, ló gba ipò rẹ̀. Aṣọ òkè ni wọ́n ṣì ń pè é, àwọn ọlọ́jọ́-ìbí àti ìyàwó tuntun sì ń rà á. Bí òwú bá lè yí padà kí àṣà má bàjẹ́, kí ni ìjókòó fẹ́ bà jẹ́? Ìlànà ọnà, àwọ̀ àti ìmọ̀ tó wà níka obìnrin náà ni àṣà. Ìrora ìbàdí kì í ṣe ara ogún.

Ohun tí iṣẹ́ yìí nílò wà láàárín ìlú mẹ́ta ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìlú gẹdú. Èékù pákó ibẹ̀ tó láti fi kan pẹpẹ fún ahunẹní púpọ̀. Àgọ́-Ìwòyè ni Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà láti ọdún 1982, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wá ohun tí wọ́n máa ṣèwádìí lé lórí. Efire ni àwọn tó mọ ẹní híhun wà. Ohun tí wọ́n lè jọ ṣe nìyí: pẹpẹ tó fẹ̀ tó ẹní, tó dà díẹ̀ sọ́dọ̀ ahunẹní, tí èyí tó ti hun yóò máa ká sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àpótí tí yóò jókòó sí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Kí wọ́n ṣe é fún obìnrin mẹ́ta péré ná, kí wọ́n lò ó fún oṣù kan, kí wọ́n sọ ibi tó kù sí. Kí wọ́n tó gbé ìyẹn dé, àpótí kékeré tó ga ní ìbú ọwọ́ kan péré yóò ti jẹ́ kí ìbàdí ráàyè nà ju ti orí ilẹ̀ lọ.

Òfin Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Òfin ọdún 2010 lórí ẹ̀san òṣìṣẹ́ tó fara pa dá lórí kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sí àpò ẹ̀san, ahunẹní tó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ kò sì ní agbanisíṣẹ́. Ti ọdún 2022 lórí ìbánigbófò ìlera ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí ó kan gbogbo ènìyàn, ó sì ya owó sọ́tọ̀ fún aláìní. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè forúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Abigi, bá rán ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wọn lọ.

Nígbà tí ìdìbò bá sún mọ́, àwọn olóṣèlú a máa pín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta. Ó dára fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń hun ẹní. Owó ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan lè san owó káfíńtà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí káfíńtà náà mú okùn ìwọ̀n rẹ̀ lọ bá obìnrin náà níbi tó ti ń hun, kó wọn ilẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀, kó sì tó kan ìṣó àkọ́kọ́, kó bi í léèrè ibi tó ń dùn ún.