Bí A Ti Í Kọ Ìpè Láìba Ọ̀rẹ́ Jẹ́

Kò sí ọjọ́ Sátidé kan tí a kì í pa àtíbàbà ìnáwó ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta. Ìgbéyàwó nìyí, ìsìnkú nìyẹn. Ìwé ìpè àti aṣọ ẹbí a sì máa wọlé tọ ènìyàn léraléra. A kò bá ẹni tí ń yọ̀ jà. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ bí a ti í wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, agbára mi kò ká a."

Àwọn kan ń bẹ tí ìtìjú mú gba aṣọ ẹbí láwìn, tí wọ́n sì fi owó òwò wọn san gbèsè rẹ̀, títí àtẹ fi ṣófo. Àwọn mìíràn a dáhùn pé, "A ó wá," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní í dé ibẹ̀. Ẹni tí ó pè wọ́n a sì se oúnjẹ dè wọ́n lásán. Àwọn ẹ̀kẹta a dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí ó yẹ ọmọlúwàbí.

Ohùn tútù ní í yọ obì lápò. Ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí kò lè lọ, kí ó tètè wí. Bí a bá ti mú aṣọ wá, kí ó dá a padà kí àlùmọ́gàjí aránṣọ tó kàn án. Kí ó fúnra rẹ̀ lọ, tàbí kí ó rán ẹni tí a lè rán níṣẹ́ ẹrú, tí yóò fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí ó dúpẹ́ pé a rántí òun, kí ó sọ ìdí kan tí í ṣe òtítọ́, kí ó sì súre. Ẹni tí ó ní ara òun kò yá, tí a sì rí i níbi ìnáwó mìíràn lọ́jọ́ náà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń peni náà, ẹ gbọ́: ẹni tí kò ra aṣọ yín kì í ṣe ọ̀tá yín. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba Èkó fi òfin de àpèjọ, ènìyàn díẹ̀ ni ó wà níbi ìgbéyàwó ọ̀pọ̀ tọkọtaya. Àwọn yòókù súre láti ilé; ìgbéyàwó dúró, ẹbí kò sì tú. Kí ni a wá ń tìtorí rẹ̀ bínú nísinsin yìí?

Ẹ̀yin oníṣòwò pàápàá, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọjọ́ kan ni ti ìnáwó. Ọ̀rẹ́ àti owó òwò ni a ó jí bá lọ́jọ́ Ajé.