Ní Ti Jíà Ọkọ̀ Bàbá

Ẹnì kan ní Èjìgbò béèrè ohun tí òun yóò ṣe sí ọkọ̀ Peugeot 504 tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Bí ó bá ń gun òkè lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, jíà kẹta a máa bọ́. Owó Àbíjàn ni bàbá náà fi rà á, ìyá kò sì fẹ́ kí a tà á.

Mẹkáníìkì kan ní kí ó fi gíábọ́ọ̀sì Toyota sí i. Èmi kò fara mọ́ èyí rárá. Páìpù irin gígùn ni ó so ti Peugeot pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí a bá gbé àjèjì wá, gígé irin àti jíjó irin yóò tẹ̀lé e, owó iṣẹ́ yóò sì ju owó ọjà lọ. Láti 1975 ni a ti ń to Peugeot ní Kàdúná, kò ha yẹ kí ó kọ́kọ́ wá irú tirẹ̀ ní ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó? Ti 505 tí ó ní jíà márùn-ún jẹ́ ìbátan rẹ̀, ó sì dára fún ìrìn jíjìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í kọjá Ìwó tàbí Òṣogbo, mẹ́rin tó o.

Kí ó tó sanwó, kí ó fi ọwọ́ yí ọ̀pá iwájú nínú jíà kọ̀ọ̀kan. Kí ó da òróró tí ó kù sínú abọ́ funfun. Bí wóró irin bá wà níbẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á. Nígbà tí wọ́n bá sì sọ ti àtijọ́ kalẹ̀, kí wọ́n wo klọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú.