Ṣíṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fólè kọ́ ni oògùn kọ̀ǹpútà méjì tí kò gbọ́ra wọn yé

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe káàkiri ìgboro kò tíì gbọ́ ọ rí. Bí kọ̀ǹpútà méjì tó wà nínú ilé kan náà bá kọ̀ láti gba fáìlì lọ́wọ́ ara wọn, ohun mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe: wọn a yọ pásíwọ́ọ̀dù kúrò, wọn a pa ògiri ààbò tí wọ́n ń pè ní firewall, wọn a sì ṣí fódà náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, fáìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Onílé á dúpẹ́, á sanwó, á tún fún ọmọ náà ní omi tútù mu. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ilẹ̀kùn wo ló ṣí sílẹ̀ kó tó máa lọ.

Ká sọ pé bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ìlú rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ ni àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà: iye tí kálukú dá, iye tí wọ́n yá, àti ẹni tó ṣe onídùúró fún ẹni tó yáwó. Inú rẹ̀ náà ni fọ́tò ìyá àwọn ọmọ tó ti dolóògbé wà, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ ìdílé. Ọmọ bàbá dé láti Ìbàdàn fún ọdún Iléyá, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ dání, ó sì fẹ́ da àwọn fọ́tò náà kọ. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ọ̀nà, ó wá kọ nọ́ńbà gbọọrọ kan síwájú rẹ̀: 0x80070035. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ránṣẹ́ pe ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí wọn ò fi fíláàṣì gbé e, àbí kí wọ́n kúkú fi WhatsApp ránṣẹ́. Fíláàṣì wúlò lóòótọ́, àmọ́ òun náà ló máa ń kó kòkòrò láti káfé wá sílé. Ní ti WhatsApp, ó sábà máa ń dín ẹwà fọ́tò kù, fáìlì náà á sì kọ́kọ́ jáde kúrò nínú ilé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó padà wá sí yàrá kejì, owó dátà ni wọ́n á sì san lálọ lábọ̀. Lóṣù January 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó kún owó ọjà wọn, kó má ṣáà ti ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fáìlì tó bá gba inú ráútà ilé láti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí èkejì kì í jẹ dátà rárá. Kódà bí dátà bá tán pátápátá, á ṣì lọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò mọ èyí, kò sì jọ pé àwọn tó ń ta dátà máa sọ fún wọn.

Nítorí náà, kò sí àṣìṣe nínú ohun tí ọmọ bàbá yìí fẹ́ ṣe. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún un ṣe fún un ló léwu, ìtàn ọdún díẹ̀ sẹ́yìn sì ti fi ewu náà hàn.

SMB ni wọ́n ń pe èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ fáìlì. Ọ̀gbẹ́ni Barry Feigenbaum ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níléeṣẹ́ IBM láàárín ọdún 1980 sí 1985, kó tó di pé Microsoft gbé e wọ inú Windows. Láyé ìgbà náà, àwọn kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń ronú pé olè lè gba òkè òkun wọlé. SMB1, tó jẹ́ àgbà nínú wọn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fura. Lóṣù September 2016, Ned Pyle, òṣìṣẹ́ Microsoft tí iṣẹ́ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, pariwo síta pé kí gbogbo ènìyàn jọ̀wọ́ jáwọ́ nínú SMB1. Àwọn tó gbọ́ kò pọ̀.

Ní March 14, 2017, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún ihò kan tó wà lára SMB1 yìí. Kò pé oṣù méjì, ní May 12, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba inú ihò náà wọlé sórí kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí àádọ́jọ orílẹ̀-èdè. Ṣe ló ń ti fáìlì àwọn onífáìlì pa mọ́ wọn lọ́wọ́, tó ń béèrè 300 dọ́là. Ní ilẹ̀ England, ó kéré tán, 80 nínú àwọn 236 ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba ló fara kó o, wọ́n sì dá àwọn aláìsàn padà sílé. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó lọ láti ilẹ̀ wa wà nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Ohun tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn ni pé WannaCry kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Bó bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan, fúnra rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà tó kù, èyí tí wọn kò tún ṣe tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ló ń wọ̀.

Láti ìgbà náà ni Microsoft ti ń mọ odi. Láti oṣù October 2017 ni wọn kò ti fi SMB1 sínú Windows 10 tuntun mọ́. Lọ́dún 2024, nígbà tí Windows 11 24H2 jáde, wọ́n tún fi kún un: ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀ kò gbà láti wọ fódà tí kò béèrè orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ àlejò. Ìdí nìyí tí fódà tó ń ṣí tẹ́lẹ̀ fi dédé kọ̀ lọ́pọ̀ ilé, tí àwọn ènìyàn sì ń ṣépè fún Microsoft.

Ẹ̀bi Microsoft wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibòmíràn ló wà. Nígbà tí Windows 7 jáde lọ́dún 2009, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ HomeGroup. Pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n wọlé, ó parí. Bàbá àgbà lè dá a ṣe. Lọ́dún 2018 ni Microsoft yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10, tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa fi OneDrive, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pín fáìlì láàárín ara wọn. Lójú ẹni tó ń fowó ara rẹ̀ ra dátà, ìyẹn dà bí ìgbà tí wọ́n ní kéèyàn gba Èkó lọ kí aládùúgbò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ tó rọrùn, wọn kò fi òmíràn tó rọrùn bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan kékeré ló fà á tí kọ̀ǹpútà méjì kì í fi í gbọ́ra wọn yé. Àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n wò ni bóyá Wi-Fi kan náà ni àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀. Ọmọ lè wà lórí Wi-Fi fóònù rẹ̀, kí bàbá wà lórí ráútà. Àwọn ráútà kan sì wà tó ní Wi-Fi àlejò lọ́tọ̀; ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ráútà kì í jẹ́ kó rí àwọn ará ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Public àti Private, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń dá ọ̀pọ̀ ilé láàmú. Bí Windows bá dé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò mọ̀ rí, ó sábà máa ń kà á sí Public, ìyẹn àárín èrò, á sì tìlẹ̀kùn mọ́rí. Bí bàbá bá pààrọ̀ ráútà láàárín ọdún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ni Windows kà á sí, ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní Iléyá èṣí kò sì ní ṣiṣẹ́ léyìí. Kì í ṣe pé firewall burú. Ibi tó gbà pé òun wà ni wọ́n ní láti tún ṣe, kí wọ́n yí i sí Private lórí kọ̀ǹpútà pálọ̀ náà, lábẹ́ orúkọ Wi-Fi ilé. Firewall á wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, á sì jẹ́ kí àwọn ará ilé wọlé.

Nígbà mìíràn, ọmọ á ní kọ̀ǹpútà bàbá kò sí nínú àwọn tí òun rí lójú Network. Kì í ṣe pé kò sí nílé. Àwọn ènìyàn wà tí kì í dáhùn bí wọ́n bá ń pe orúkọ gbogbo ìjọ, tó jẹ́ pé ẹni tó bá lọ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń dá lóhùn. Kí ó tẹ àmì \\ méjì yìí sókè fódà, kó fi orúkọ kọ̀ǹpútà bàbá tẹ̀ lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, á ṣí.

Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ló wá dùn jù. Àwọn tó ń tún un ṣe gbà pé pásíwọ́ọ̀dù ló ń dènà, wọ́n á sì yọ ọ́. Òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Windows kì í jẹ́ kí orúkọ tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, àyàfi bí wọ́n bá dìídì pa òfin náà. Bí wọ́n bá ti yọ pásíwọ́ọ̀dù bàbá, ó di dandan kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àlejò. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn àlejò, Windows 11 tuntun tó wà lọ́wọ́ ọmọ á ní òun kò wọlé àlejò, ó di dandan kí wọ́n tún ba ààbò tọmọ náà jẹ́. Ihò kan ń bí òmíràn. Ẹni tó kúkú fi pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀ níbi tó wà kò ní dé ibi tí wọ́n ń bọ́ odi méjì.

Nọ́ńbà kékeré tí wọ́n ń pè ní PIN, tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà láràárọ̀, kò wúlò níbí o. Bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà ogún, wọn kò ní gbà á. Ojúlówó pásíwọ́ọ̀dù ni wọ́n ń béèrè. Èyí tó dáa jù ni kí bàbá dá orúkọ kan sílẹ̀ fún ọmọ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó sì jẹ́ pé fódà fọ́tò nìkan ni orúkọ náà lè wọ̀, kó máa wò ó, kó máa da á kọ, kó má lè pa á rẹ́. Ibi méjì ni wọ́n ti ń fún un láṣẹ, lábẹ́ Sharing àti lábẹ́ Security, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí gééti tí yàrá ṣì wà ní títì. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan á rò pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kò ní ohunkóhun ṣe nínú fódà yẹn.

Ẹni tó bá ní ta ló máa wá jí nǹkan nínú ilé òun, kó ka iye ènìyàn tó ti gba pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi ilé náà láti ọdún tó kọjá: àwọn ayálégbé, àwọn ọmọ ọmọ, àlejò ìsìnkú, ọmọ aládùúgbò tó ń ka ìwé JAMB. Ọ̀kan nínú wọn lè gbé kọ̀ǹpútà tó ti kó kòkòrò wá láìmọ̀. Bí fódà bá ṣí fún gbogbo ayé, tí gbogbo ayé sì lè kọ nǹkan sínú rẹ̀, kòkòrò náà á ti àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ pa kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí owó àwọn ènìyàn bá dàrú, akọ̀wé ni wọ́n máa mú. Kọ̀ǹpútà ọmọ tún ńkọ́? Á padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún un nílé bàbá rẹ̀, á sì gbé e wọ òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ẹ̀kọ́, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí.

Kì í ṣe pé ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe jẹ́ ìkà. Kíkánjú ni wọ́n ń sanwó fún, òun náà sì ń kánjú. Bí onílé bá ní kó fi pásíwọ́ọ̀dù àti firewall sílẹ̀, kó sì sọ ohun tó yí padà fún òun kó tó gbowó, iṣẹ́ náà lè di ogún ìṣẹ́jú. Kó bi í léèrè pẹ̀lú bóyá Windows 10 ló wà lórí kọ̀ǹpútà pálọ̀, nítorí pé October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń ṣe déédéé fún un dúró.

Bí iná bá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà tó sì dé padà, ráútà lè fún kọ̀ǹpútà pálọ̀ ní nọ́ńbà mìíràn yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ni ọmọ fi ń pè é, àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n tún máa sọ pé ó ti bàjẹ́. Orúkọ kọ̀ǹpútà náà ni kó máa fi pè é.