Ọmú Ìyá àti Mílíìkì Inú Ìgò

Ọ̀rọ̀ ètò owó láàárín tọkọtaya ni mo ṣèlérí fún oṣù yìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wọlé tí n kò lè sọ fún pé kí ó dúró.

Arábìnrin kan ló kọ ọ́. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Àkọ́bí rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì, wọ́n sì ti ní kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ìparí oṣù yìí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní abiyamọ tòótọ́ kì í fi ìgò bọ́ ọmọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní kí ó tètè já ọmọ lẹ́nu ọmú pátápátá kí ó lè sinmi. Ó wá bi mí pé: “Bàbá, ṣé n kò lè ṣe méjèèjì pọ̀ ni? Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Mo sì ní ìdí tí mo fi ń yára sọ ọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n wàásù níbi ìkómọ kan. Mo wàásù lórí ọmú ìyá, mo sì wà á dé góńgó. Mo fi ìgò ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní àwọn ìyá òde òní ti fi màlúù ṣe alágbàtọ́ ọmọ wọn. Àwọn ará rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, inú mi sì dùn sí ara mi. N kò mọ̀ pé ìyá ìkókó kan jókòó sẹ́yìn tí kò rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ṣòfò lára rẹ̀, omi ọmú rẹ̀ kò sì tètè sọ̀. Nọ́ọ̀sì ló ní kí ó máa fún ọmọ lọ́mú kọ́kọ́, kí ó wá fi mílíìkì tí wọ́n wọ̀n fún un kún un. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ sì ń ṣe dáadáa. Nígbà tí ó délé lọ́jọ́ ìkómọ yẹn, ó ju ìgò náà nù. Bí ọmọ bá ń ké, omi glúkóòsì ni ó ń fún un.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi gbé ọmọ náà dé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ojú rẹ̀ ti wọnú, àwùjẹ̀ orí rẹ̀ ti jìn, kò tilẹ̀ lè ké mọ́. Mo lọ bẹ̀ wọ́n wò. Bàbá ọmọ fà mí sẹ́yìn díẹ̀ ó ní, “Pásítọ̀, ìwàásù yín ló mú kí ó ju ìgò nù.” Kò pariwo. Ì bá sàn kí ó pariwo. N kò rí èsì kankan fọ̀.

Ọlọ́run dá ọmọ náà sí, ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n padà sílé, tí ìyá rẹ̀ tún ń fi ọmú ṣíwájú tí ó ń fi ìgò tẹ̀lé e, omi ọmú náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, ti inú ìgò sì ń dín kù. Nígbà tí ọmọ fi pé oṣù mẹ́rin, ọmú nìkan ló ń mu. Ìgò tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló gbé wọn dé ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ wa kí n tó la ẹnu lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kò sí ẹni tó ń bá ọmú ìyá dupò o. Àjọ ìlera àgbáyé àti UNICEF gbà wá nímọ̀ràn pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo, kí ó sì tún máa mu ún pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ọmú tó kọ́kọ́ ń jáde, tó ki, tó ní àwọ̀ ìyeyè, tí àwọn kan máa ń fún dànù pé ó dọ̀tí, òun gan-an ni ààbò àkọ́kọ́ tí ọmọ ní lọ́wọ́ àrùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí 29 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń bú onígò, ta ló ń rọ omi àti àgbo sí ọmọ lẹ́nu láti ọjọ́ kẹta?

Wàyí o, arábìnrin mi, gbọ́ bí ọmú ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ọmọ bá ṣe ń fà á ni ó ṣe ń sọ̀. Bí a bá fi ìgò pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara yóò rò pé ọmọ kò nílò rẹ̀ mọ́, yóò sì dín in kù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ pé bí kò bá sí ìṣòro, kí ìgò má wọlé kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó lè mọ ọmú fà dáadáa ná. Ìwọ ti kọjá ibẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, má dúró di ọjọ́ tí o máa wọṣẹ́. Mú ìgbà kan ṣoṣo láàárín ọ̀sán, kí ẹlòmíràn fún ọmọ ní ti inú ìgò, nítorí ọmọ tó bá ń gbóòórùn ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ gba ìgò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, fi ìgbà kejì kún un. Láàárọ̀ kí o tó jáde, ọmú. Bí o bá ti wọlé, kí o tó tú aṣọ iṣẹ́ pàápàá, ọmú. Lóru, ọmú, nítorí òru gan-an ni ara máa ń pèsè rẹ̀ jù. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ ìsinmi, ọmú.

Ta ló tilẹ̀ sọ pé mílíìkì alágolo ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò? Fọ ọwọ́ rẹ, fi ọwọ́ fún omi ọmú rẹ sínú ife mímọ́ tó ní ìdérí. Ó lè wà níta fún wákàtí mẹ́rin, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin nínú fìríìjì tó tutù dáadáa. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ nípa iná mànàmáná. Kúlà tí omi dídì wà nínú rẹ̀ yóò pa á mọ́ di ọjọ́ kejì, bí omi dídì náà kò bá yọ́. Èyí ni kí ọmọ kọ́kọ́ mu, kí ti agolo wá dí àlàfo tó bá kù. Fífún un níbi iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí ọmú gbẹ, kò sì ní jẹ́ kí ó wú, kí ó máa dùn ọ́.

Lórí ti agolo, ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni omi àti ìwọ̀n. Mílíìkì ọmọ wọ́n, n kò ní tàn yín. Nígbà tí owó bá tán, àwọn ìyá kan máa ń bu omi sí i kí agolo lè pẹ́. Ikùn ọmọ á kún, yóò sùn, ṣùgbọ́n ebi ló ń pa á, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rù. Ẹni tó bá sì fi mílíìkì kún un ju ìwọ̀n lọ ń fi ìyà jẹ kíndìnrín ọmọ. Ṣíbí tó wà nínú agolo náà ni kí ẹ lò, kí ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, iye tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ dà. Ẹ ṣírò owó rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tọkọtaya ni kí ó sì jọ ṣírò rẹ̀. (Ọ̀rọ̀ ètò owó tí mo ṣèlérí náà ṣáà nìyẹn.)

Ọ̀pọ̀ rò pé lẹ́búlẹ́bú mílíìkì kò ní kòkòrò nítorí pé agolo dí pa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó hó ni kí ẹ fi pò ó, kí ó má sì tíì kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ ṣì gbóná tó ìwọ̀n 70 Celsius kí ó tó lè pa kòkòrò náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ wò. Èyí tí kò bá mu láàárín wákàtí méjì, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, ẹ dà á nù. Ìgò àti rọ́bà orí rẹ̀, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sè wọ́n. Bàbá ọmọ lè ṣe èyí. Èmi náà sè é lórí sítóòfù kẹrosíìnì nígbà tí àwọn ọmọ wa wà ní kékeré, ọlá mi kò sì dín kù. Bí fífọ ìgò bá nira, ife kékeré ni àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ràn jù, ó rọrùn láti fọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbé ọmọ lọ́wọ́ o, kí ẹ má fi ìrọ̀rí gbé ìgò tì í lẹ́nu kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Mílíìkì tíì, kókó tàbí ògì olómi kò sí fún ọmọ oṣù méjì. Bí ọmọ bá ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lójúmọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn sì ń gòkè, ó ń yó. Ìyá tó bá ní kòkòrò HIV, kí ó má lo ìmọ̀ràn mi yìí, dókítà rẹ̀ ni kí ó bá sọ ọ́.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ láàárín ìjọ. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nínú àsìkò iṣẹ́. Láti 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fọwọ́ sí ìsinmi oṣù mẹ́fà fún òṣìṣẹ́bìnrin rẹ̀ lórí ìbí méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, tí ẹ ń bínú nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá?

Ọmọ mi, mú ìwé yìí lọ han ọ̀gá rẹ. Kí o sì bá mi kí màmá ọkọ rẹ dáadáa. Sọ fún wọn pé Pásítọ̀ kò bá wọn jà, pé bí ilé kò bá jìn sí ilé ẹ̀kọ́, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa pọn ọmọ náà wá bá ọ ní ìsinmi ọ̀sán, kí ó mumú.