Àgbá Tuntun Lára Ìbọn Àtijọ́

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun?" Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo lọ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Bí a ti jẹun alẹ́ tán, ó gbé ìbọn ìléwọ́ kan jáde. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin ni ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ìbọn ọdẹ ṣe." Ìbọn Smith & Wesson ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Military & Police, tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1899, tí wọ́n sì wá sọ ní Model 10 ní 1957. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ fi lò ó. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ wa ti gbó. Àwọ̀ dúdú ara rẹ̀ ti ṣí lẹ́bàá ẹnu, àtẹ́lẹwọ́ sì ti fọ igi ìdìmú rẹ̀ dán. Ṣùgbọ́n àgbá kékeré tí ó ń yí, tí ihò ọta mẹ́fà wà nínú rẹ̀, ń kọ mànà. Ẹni tí ó tà á ti sọ fún un pé, níwọ̀n ìgbà tí a ti pààrọ̀ àgbá, ìbọn ti di tuntun. Ọjọ́ Sátidé ni ó fẹ́ mú un lọ sí pápá ìyìnbọn, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 16.

Kí n tó fọwọ́ kàn án, mo ní kí ó kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá. Mo ṣí àgbá náà, mo ka ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀mejì pé wọ́n ṣófo. Ó rẹ́rìn-ín. N kò bá a rẹ́rìn-ín.

Nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ wò. Lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tí ó ti pẹ́, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìdìmú, sí abẹ́ ọ̀pá ìbọn, àti sí ẹ̀yìn àgbá. Ti ìdìmú àti ti ọ̀pá bára mu. Ti àgbá yàtọ̀. Mo wá àmì ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìdìmú, èyí tí ilé iṣẹ́ náà máa ń tẹ̀ sára ìbọn tí ó bá padà wá sọ́dọ̀ wọn fún àtúnṣe. Kò sí níbẹ̀. Èyí kò sọ pé àgbá náà burú o. Ohun tí ó sọ ni pé a kò mọ ọwọ́ tí ó fi í sí i.

Lẹ́yìn náà mo fi irin pẹlẹbẹ tí mẹ́káníìkì fi ń wọn ojú pulọ́ọ̀gì wọn àlàfo tí ó wà láàrin àgbá àti ìdí ọ̀pá ìbọn. Ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì mẹ́fà ni. Ó dára, nítorí mẹ́rin sí mẹ́wàá ni a máa ń fẹ́. Ọmọ wa ní, "Ṣé ẹ rí i, Bàbá?" Mo ní kí ó ní sùúrù.

Nínú ìbọn yìí, ìka irin kékeré kan ni ó ń ti eyín ẹ̀yìn àgbá kí ó lè yí. Irin mìíràn a sì yọ láti ìsàlẹ̀, a há sínú kòtò ara àgbá, kí ihò lè dúró gan-an níwájú ọ̀pá. Mo fi ọwọ́ kan di àgbá mú díẹ̀, mo ń fi èkejì fa òòlù sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ihò mẹ́rin há kí òòlù tó dé òpin. Méjì kò há. Àfi ìgbà tí mo fi ìka tì wọ́n. Mo fi ẹfun sàmì sí wọn, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn méjì yẹn náà ni.

Mo sọ fún un pé, bí a bá yìn ín báyìí, ọta lè fi etí gbá ìdí ọ̀pá, kí òjé tí ó bó sì ta sí ẹ̀gbẹ́. Mo bi í pé, "Ta ni yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ ní Sátidé?" Kò dáhùn. Ó gbé ìbọn náà padà sínú àpótí.

Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó ní ìwé àṣẹ ni ó gbé e lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà rí: àgbá tuntun kò jẹ̀bi. Ìka irin àtijọ́ ni ó ti jẹ, tí kò lè ti eyín tuntun dé ibi tí ó yẹ. Ó fi ìka mìíràn sí i, ó fi ayùn tẹ́ ẹ títí gbogbo ihò fi há. Èmi pàápàá ti ń fi ọkàn dá àgbá lẹ́bi. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ mi wá ìbọn ìléwọ́ kiri. Òfin ìbọn wa ti 1959 kà á mọ́ èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ra ohunkóhun tí a ti pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀kadà, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìlọta, ẹ má wo èyí tí ó ń dán nìkan. Ẹ wo àtijọ́ tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, ẹ dán an wò ní ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì ka mẹ́rin kí ẹ sọ pé mẹ́fà pé.

Ó dìgbà kan ná.