Àgbà tó kọ́ eré orí yìnyín

Ní agbègbè wa yìí, láti Djaloukou dé Savalou títí lọ dé Bantè, kò sí ẹni tí kò mọ òkè. Ẹni tó bá gun òkè, ó ní ohun tó ń wá lọ: igi ìdáná, ẹran ìgbẹ́ tàbí ewé. Nígbà ogun Dahomey, ẹ̀mí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ yìí gbé sá gun orí àpáta. Bí a bá wá gbọ́ pé ẹnìkan ń gun òkè kí ó lè fi pátákó méjì yọ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa wá.

Ẹ jẹ́ kí a dá ẹ̀rín náà dúró ná.

Síkì ni wọ́n ń pe eré náà. Ní ilẹ̀ òtútù, yìnyín máa ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú, a sì bo òkè mọ́lẹ̀. (Ọyẹ́ tiwa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù náà.) Eléré yóò de pátákó gígùn tóóró mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò sì yọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú eré tó lè dá ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Ọmọ Ghana kan, Kwame Nkrumah-Acheampong, fẹ́ràn eré yìí dé ìdí. Ghana tí kò ní yìnyín ló ti dàgbà. Nígbà tó lọ kàwé ní England, ó rí iṣẹ́ ní ìlú Milton Keynes, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín fún àwọn eléré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba àlejò. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ síkì. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 25, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni àwọn tí yóò bá díje ti ń ṣe é.

Ó fẹ́ lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Turin ní ọdún 2006, kò yege. Kò jáwọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2010, ó dé Vancouver ní Kánádà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣojú Ghana níbẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 35. Ó lé ní 100 ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ eré náà. Ipò 47 ló gbà. Ẹlẹ́gàn yóò ní ẹnìkan péré ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ tí kò parí rárá.

Kí ló ń wá lórí òkè? Lójú tèmi, ìfẹ́ tó ní sí eré náà tó ìdí.

Ẹ̀yin tó kọ́ ìwé kíkà lágbà, ẹ mọ ẹ̀gàn irú èyí. Wọn a ní igi tútù là ń tẹ̀. Òwe náà dára fún títọ́ ọmọ. N kò gbà pé a pa á láti fi lé bàbá tàbí ìyá kúrò nídìí ìwé. Àsìkò kajú ló tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá ti lo oṣù méjì nínú oko, ojú a máa tì í láti padà sí kíláàsì, torí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ síwájú. Kí ó padà. Kí olùkọ́ sì ṣí ìwé sí ojú ewé tí onítọ̀hún dúró sí, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.